Obìnrin Tí Kò Bẹ Ẹ̀rọ Mọ́

Tí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tó ń jẹ́ kó rẹ èèyàn dé eegun, ẹ wá wo obìnrin kan tó jókòó síwájú kọ̀ǹpútà nírọ̀lẹ́, tó ti gbé báàgì kọ́ èjìká, tó ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà, síbẹ̀ tí kò lè dìde. Kì í ṣe pé iṣẹ́ kù nílẹ̀ o. Iṣẹ́ ti parí láti ọ̀sán. Àwọ̀ ló ń dúró dè. Tẹlifíṣàn ńlá kan wà lára ògiri ọ́fíìsì wọn, tí kì í fi ìròyìn hàn, tí kì í fi bọ́ọ̀lù hàn. Àwọ̀ méjì péré ló mọ̀: pupa àti àwọ̀ ewé. Tó bá pupa, iṣẹ́ ọjọ́ náà kò gbọdọ̀ jáde. Tó bá di àwọ̀ ewé, ó yá, ẹ jẹ́ ká máa relé. Obìnrin yìí ló sì gbọ́dọ̀ dúró títí yóò fi di àwọ̀ ewé. Ìyá Ìdánwò ni wọ́n ń pè é. Kì í ṣe pé ó bí ọmọ kan tó ń jẹ́ Ìdánwò. Òun ló ń kọ àwọn ìdánwò tí ẹ̀rọ fi ń yẹ iṣẹ́ àwọn yòókù wò kó tó kúrò nílé.

Lọ́jọ́ tí à ń wí yìí, ó pupa. Fóònù rẹ̀ sì ń dún. Ìyá Òkè ni, obìnrin tó ń gbé lókè ilé wọn, tó máa ń bá a jókòó ti Bàbá rẹ̀ títí di ìrọ̀lẹ́ kí òun náà tó gba ibi iṣẹ́ lọ.

“Àbúrò mi, mo ti wọ aṣọ iṣẹ́ o. Ṣé o ti wà lọ́nà?”

“Mo ti ń bọ̀, mà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi ní ìṣẹ́jú díẹ̀ sí i.”

“Ìṣẹ́jú díẹ̀ ti àná ni àbí òmíràn ni?”

Ọkùnrin onírùngbọ̀n kan, tó wà lára àwọn tó ń kọ ètò kọ̀ǹpútà, gba ẹ̀yìn rẹ̀ kọjá pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́.

“Ìyá Ìdánwò, ṣé ẹ ti bẹ̀ ẹ́?”

“Mo ti bẹ̀ ẹ́.”

“Ẹ tún un bẹ̀. Ẹ má fòyà, nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni.”

Gbólóhùn yìí ló ń sọ lójoojúmọ́ ayé, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Má-fòyà. Ìyá Ìdánwò tún un bẹ̀. Ó ṣì pupa.

Ẹ jẹ́ kí n là á fún yín kẹ́ ẹ má baà rò pé orí wọn ti dàrú níbẹ̀. Àwọn ilé ìwòsàn ló ń lo ètò tí wọ́n ń ṣe. Bí dókítà bá mú ọjọ́ fún aláìsàn, ètò yìí ló ń gba ọjọ́ náà sílẹ̀, á wò ó bóyá kò bọ́ sí ọjọ́ ìsinmi, tó bá sì ku ọjọ́ kan tàbí tí àyè bá yọ, á fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sórí fóònù: ẹ má gbàgbé o, ọ̀la ni. Ètò náà kò lè dá gbé ọ̀rọ̀ lọ. Ilé-iṣẹ́ mìíràn wà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì tó ń gba ọ̀rọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ tó ń gbé e dé orí fóònù. Ìránṣẹ́ ni wọ́n ń pe ìyẹn lọ́fíìsì. Ọjọ́ ìsinmi pàápàá, ojúlé kan lórí íńtánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń lọ wò ó. Ìgbàkígbà tí ẹnì kan bá sì fọwọ́ kan ètò yìí, bó ti wù kó kéré tó, àwọn ìdánwò Ìyá Ìdánwò gbọ́dọ̀ yẹ gbogbo rẹ̀ wò látòkè délẹ̀. Wọ́n á jáde lọ sí íńtánẹ́ẹ̀tì gidi, wọ́n á kan ilẹ̀kùn Ìránṣẹ́, wọ́n á kan ilẹ̀kùn ojúlé ìsinmi, wọ́n á wá dúró de èsì.

Ibẹ̀ ni wàhálà wà. Íńtánẹ́ẹ̀tì kì í ṣe ilé bàbá ẹnikẹ́ni. Lónìí, wọ́n ń gbẹ́ títì, wọ́n ti gé wáyà. Lọ́la, Ìránṣẹ́ ń tún ilé ara rẹ̀ ṣe. Lọ́túnla, ojúlé ìsinmi á ní ìbéèrè yín ti pọ̀ jù, á ti ilẹ̀kùn mọ́ yín lójú. Kò sí èyí tó jẹ́ ẹ̀bi ètò wọn nínú gbogbo rẹ̀, ṣùgbọ́n pupa kan náà ló ń jẹ́ lára ògiri. Wọ́n á tún bọ́tìnnì ìdánwò tẹ̀, á di àwọ̀ ewé. Bó ṣe di àṣà nìyẹn. Wọn ò tiẹ̀ sọ pé “tún un tẹ̀” mọ́, “bẹ̀ ẹ́” ni. Àlejò tó bá wọ ọ́fíìsì wọn tó gbọ́ tí àgbààgbà ń bi ara wọn pé “ṣé o ti bẹ̀ ẹ́, ṣé ó gbà,” á rò pé ìjà tọkọtaya ni wọ́n ń parí.

Nígbà tí ẹ̀bẹ̀ yìí sú wọn, Ìyá Ìdánwò fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sínú ẹ̀rọ pé kí ẹ̀rọ máa bẹ ara rẹ̀. Ìdánwò tó bá kùnà, kí ẹ̀rọ tún un gbìyànjú, títí yóò fi di ẹ̀ẹ̀mẹ́ta. Tó bá ti yege lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nínú rẹ̀, ó ti yege nìyẹn, kẹ́nikẹ́ni má bèèrè. Ẹ̀bẹ̀ Mẹ́ta ni gbogbo ọ́fíìsì sọ ọ́. Wọ́n pàtẹ́wọ́ fún un, Má-fòyà tiẹ̀ ra bisikíìtì fún gbogbo ilé. Kì í ṣe nítorí àtẹ́wọ́ ló ṣe ṣe é. Ó fẹ́ máa tètè délé bá Bàbá ni. Ó sì ràn án lọ́wọ́ fúngbà díẹ̀, àfi àwọn ọjọ́ tí íńtánẹ́ẹ̀tì bá kú fin-ín, tí ẹ̀bẹ̀ kankan ò ní ràn án, bíi tọjọ́ yìí.

Nígbà tó máa délé, Ìyá Òkè ti lọ. Kò sẹ́ni tó lè bínú sí i, iṣẹ́ tiẹ̀ náà ò ní dúró dè é. Orí àtẹ̀gùn ni Ìyá Ìdánwò ti bá Bàbá. Wọ́n jókòó jẹ́jẹ́, wọ́n fọwọ́ di orúnkún mú. Wọ́n ní àwọn fẹ́ sọ̀ kalẹ̀ wá wo ọ̀nà ni, àtẹ̀gùn kan ló yọ̀ mọ́ àwọn lẹ́sẹ̀.

“Bàbá, ẹ mọ̀ pé ẹ ò ríran dáadáa lápá ibí yìí!”

“Mo mọ̀. Mo rò pé tí mo bá yí orí díẹ̀, màá rí ẹ.”

Awakọ̀ ojú irin ni Bàbá kí wọ́n tó fẹ̀yìn tì, ojú ni wọ́n fi jẹun láyé. Ojú náà ló ń ṣú lọ. Dókítà ti sọ ọ́ tipẹ́ pé omi inú ojú ló ń ti ojú náà látinú, pé bí wọn ò bá tètè ṣiṣẹ́ abẹ, ó máa fọ́ ojú náà. Wọ́n ní kí Ìyá Ìdánwò mú Bàbá lọ sílé, pé bí àyè bá yọ, ọ̀rọ̀ á wọlé sórí fóònù rẹ̀. Ó dúró, ó dúró. Nígbà tó wá lọ bèèrè, nọ́ọ̀sì yí ojú kọ̀ǹpútà sí i.

“Màdáámù, ẹ wò ó fúnra yín. Ọ̀rọ̀ náà ti lọ. A retí yín títí, a ò rí yín.”

Lóòótọ́, “ti lọ” ló wà níwájú orúkọ Bàbá. Ètò ilé-iṣẹ́ Ìyá Ìdánwò gan-an ni ilé ìwòsàn yẹn ń lò. Ta ló fẹ́ bá jiyàn? Ṣé òun tó ń sọ lójoojúmọ́ pé ètò náà dáa, pé kó máa lọ, ló tún fẹ́ sọ pé ó purọ́? Ó tú fóònù rẹ̀ yẹ́bẹ́yẹ́bẹ́, kò rí ọ̀rọ̀ kankan. Ó wá gbà pé oorun ló kun òun tí òun fi pa á rẹ́. Kí àyè mìíràn tó yọ, ojú òsì Bàbá ti ṣú, ó kù tọ̀tún.

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin, tó ń ta pákó nílùú mìíràn, ò jẹ́ kó gbàgbé ọ̀rọ̀ náà. Níwájú gbogbo ẹbí ló ti sọ ọ́ sí i. “Fóònù tí kì í kúrò lọ́wọ́ ẹ! Ọ̀rọ̀ ojú Bàbá wọlé síbẹ̀, o gbàgbé!” Àwọn àbúrò Bàbá ń mi orí. Ìyá Ìdánwò ní kí wọ́n má bínú, kò sì sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Látìgbà yẹn ló ti ń sáré. Ó ń se oúnjẹ bí ẹni tí wọ́n ń ṣọ́, ó ń fi oògùn sójú Bàbá bí ẹni tí wọ́n ń ṣọ́. Kò sẹ́ni tó ń ṣọ́ ọ, ọkàn rẹ̀ ni.

Bàbá náà ò mọ̀ pé ọ̀rọ̀ wà nínú ọ̀rọ̀. Nígbà tí Ẹ̀gbọ́n pè lálẹ́ ọjọ́ àtẹ̀gùn yìí láti kí wọn, wọ́n ń fi àtẹ̀gùn dá àpárá fún un. Ẹ̀gbọ́n ò rẹ́rìn-ín. Ó ní kí wọ́n gbé fóònù fún àbúrò òun.

“Ìyá Òkè ti lọ kó o tó dé, àbí?”

“Bẹ́ẹ̀ ni, Ẹ̀gbọ́n mi. Iṣẹ́ ló dá mi dúró.”

“Gbọ́. Mò ń bọ̀ ní Sátidé tó máa parí oṣù. Màá bi Ìyá Òkè léèrè. Tó bá ní o tún pẹ́, ẹ̀ẹ̀kan péré, ilé mi ni Bàbá ń bá mi lọ. Mi ò ní í dúró kí wọ́n fọ́ ojú kejì mọ́ wọn lórí.”

Ìyá Ìdánwò gbé fóònù sílẹ̀, ó lọ jókòó síbi tó ti bá Bàbá lórí àtẹ̀gùn. Ẹ̀rù bà á. Kì í ṣe pé ilé Ẹ̀gbọ́n ò dáa; ìyàwó Ẹ̀gbọ́n gan-an ṣèèyàn. Ṣùgbọ́n lójú tiẹ̀, bí Bàbá bá fi lè kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀ báyìí, ìdájọ́ ti dé nìyẹn, gbogbo ayé á mọ̀ pé òun ni ọmọ tó fọ́ bàbá rẹ̀ lójú.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wọlé tọ Ọ̀gá wọn lọ.

“Ọ̀gá, mi ò fẹ́ kí ìdánwò wa máa jáde sí íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́.”

Ọ̀gá gbé ojú sókè. “Ìránṣẹ́ kò sí nílé wa. Bó ò bá jáde lọ bá a, kí lo fẹ́ dán wò?”

“Iṣẹ́ tiwa ni mo fẹ́ dán wò, sà, kì í ṣe tiẹ̀. Tí wọ́n bá gé wáyà ní títì, kí ló kan ètò wa níbẹ̀? Màá ṣe adelé fún un. Ètò kékeré kan, á jókòó sórí ẹ̀rọ tiwa níbí, á máa dáhùn bí Ìránṣẹ́ ṣe ń dáhùn.”

Má-fòyà bú sẹ́rìn-ín látẹ̀yìn. “Ẹ fẹ́ máa fi ayédèrú dán ojúlówó wò? Ìyá Ìdánwò, ẹ wá lọ sinmi.”

“Ìwọ náà, nígbà tí wọ́n ń kọ́ ẹ ní mọ́tò, ṣé àárín ọjà ni wọ́n kọ́kọ́ gbé ẹ lọ?”

Ọ̀gá ní kó máa ṣe é, àmọ́ kí iṣẹ́ yòókù má dúró. Ìyẹn ni pé kó fi èyí kún iṣẹ́ tó ti wà lọ́rùn rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ọ̀rọ̀ àwọn ọ̀gá, ẹ kúkú mọ̀ ọ́n.

Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Ó kọ́kọ́ wá gbogbo ibi tí wọ́n ti kan àdírẹ́sì Ìránṣẹ́ mọ́ inú ètò bí ìṣó, ó tú wọn, ó kó wọn síbi kan ṣoṣo tí èèyàn ti lè yí i padà. Tó bá jẹ́ pé ilé ìwòsàn ló ń lò ó, kó lọ bá Ìránṣẹ́. Tó bá jẹ́ ìdánwò, kó lọ bá Adelé. Ó gba èsì Ìránṣẹ́ gidi sílẹ̀ lóríṣiríṣi, ti “mo ti gbà á,” ti “nọ́ńbà yìí ò pé,” ti “owó yín ti tán,” ó sì fi kọ́ Adelé lọ́kọ̀ọ̀kan. Ọjọ́ ìsinmi ọdún náà, ó kó wọn wọlé, ó tọ́jú wọn. Ó tún ya ìdánwò kan sọ́tọ̀ tó ń jáde láràárọ̀ lọ bá Ìránṣẹ́ gidi, kó lè mọ̀ bí Ìránṣẹ́ bá yí ohùn padà tí Adelé ṣì ń sọ ti àtijọ́. Ìyẹn ò lágbára láti dá ẹnikẹ́ni dúró nírọ̀lẹ́. Bó bá kùnà, wọ́n á jókòó tì í pẹ̀lú ìrọ̀rùn.

Lẹ́yìn náà ló wá ti ilẹ̀kùn ìta gbọn-in. Ìdánwò yòókù tó bá fẹ́ yọ́ jáde, kó kùnà lójú ẹsẹ̀, kó sì dárúkọ ibi tó ń lọ. Yéè! Àwọn tó ń yọ́ jáde pọ̀ ju bó ṣe rò lọ. Ọ̀kan ń lọ wo aago lóde, bẹ́ẹ̀ aago wà nínú ẹ̀rọ. Ọ̀kan ń lọ gbé àwòrán òdòdó kékeré kan látorí íńtánẹ́ẹ̀tì, tí kò sẹ́ni tó mọ ohun tí òdòdó ń ṣe nínú ọ̀rọ̀ iṣẹ́ abẹ.

“Má-fòyà, ìwọ lo gbin òdòdó yìí?”

“Ó dùn ún wò nígbà yẹn ni.”

Ó rẹ Ìyá Ìdánwò o. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni purọ́ fún yín pé iṣẹ́ ìjókòó ò ń rẹni. Ọrùn rẹ̀ le, ojú ń ta á. Nígbà tó bá ń fi oògùn sójú Bàbá, òun gan-an ló ń sun omi lójú. Tí wọ́n bá bi í pé ṣé dáadáa ni, á ní dáadáa ni. Kí ló tún fẹ́ sọ? Ẹ̀bi ń bẹ lọ́rùn rẹ̀, kò sì rò pé òun lẹ́tọ̀ọ́ láti ráhùn.

Ṣùgbọ́n Adelé gba iṣẹ́. Lọ́jọ́ kan tí wọ́n tún gé wáyà ní títì, gbogbo ọ́fíìsì àdúgbò dá iṣẹ́ dúró, àwọn èèyàn jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ń wojú ara wọn. Lára ògiri ti Ìyá Ìdánwò, àwọ̀ ewé rẹgẹdẹ. Nígbà tó wọlé, oòrùn ṣì wà lójú fèrèsé, Ìyá Òkè ò tíì wọ aṣọ iṣẹ́ pàápàá.

“Ta nìyẹn?” Bàbá béèrè.

“Èmi ni, Bàbá.”

“Ní báyìí? Ṣé wọ́n lé ẹ níbi iṣẹ́ ni?”

Ìyá Òkè rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Látọjọ́ náà, kò pẹ́ mọ́. Gbogbo ọ̀rọ̀ ì bá parí síbẹ̀, kẹ́ ẹ kí i kú oríire. Àfi bó ṣe ku Ẹ̀bẹ̀ Mẹ́ta, tí kò wúlò mọ́. Bí ilé ẹni ò bá jò mọ́, ṣé a ṣì máa gbé ike sílẹ̀ ni? Ó yọ ọ́ kúrò. Ó wá rántí pé ó ku ohun kan tóun ò tíì kọ́ Adelé: kó máa pẹ́. Ìránṣẹ́ gidi máa ń pẹ́ kó tó dáhùn nígbà míì, pàápàá láàárọ̀ tí èrò bá pọ̀. Ẹ ò lè bẹ íńtánẹ́ẹ̀tì pé kó bá yín pẹ́ nígbà tẹ́ ẹ fẹ́. Adelé, tẹ́ ẹ bá ní kó pẹ́, á pẹ́. Ó ní kó pẹ́.

Ó pupa.

Ìyá Ìdánwò rò pé òun ló ṣì í kọ. Ó yẹ̀ ẹ́ wò, ó tún un ṣe. Ó pupa. Ó ní kí Adelé tètè dáhùn, ó di àwọ̀ ewé. Ó ní kó pẹ́, ó pupa. Wáyà kankan ò sí níbẹ̀ tí wọ́n gé. Ilẹ̀kùn ìta wà ní títì. Kò sẹ́ni tí wọ́n fẹ́ di ẹrù náà rù. Ó pe Má-fòyà wá, àwọn méjèèjì jọ ka ibi tí ètò ti ń fi ọ̀rọ̀ ránṣẹ́. Kò pẹ́ tí wọ́n fi rí i. Tí èsì Ìránṣẹ́ bá pẹ́, ètò wọn kì í dúró. Á yí ẹ̀yìn padà, á lọ kọ ọ́ síwájú orúkọ aláìsàn pé “ti lọ.” Ìránṣẹ́ ní tiẹ̀, tó bá rí i pé ẹni tó gbé ọ̀rọ̀ wá ti lọ, á ju ọ̀rọ̀ náà nù.

“Ẹ má...” Má-fòyà bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé ìyókù mì.

Ìyá Ìdánwò gbé fóònù, ó pe ilé-iṣẹ́ Ìránṣẹ́, ó fún wọn ní nọ́ńbà ara rẹ̀ àti ọjọ́ tí nọ́ọ̀sì ní ọ̀rọ̀ lọ. Ó ní kí wọ́n jọ̀ọ́ bá òun wò ó. Wọ́n ní kó dúró. Ó dúró.

“Màdáámù, kò sí ọ̀rọ̀ kankan tó dé ọ̀dọ̀ wa fún nọ́ńbà yẹn lọ́jọ́ yẹn.”

Ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn. Ó lọ sí ilé ìgbọ̀nsẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn, ó sì sunkún ayọ̀. Mi ò gbàgbé! Mi ò pa nǹkankan rẹ́! Ọ̀rọ̀ ò wá ni! Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ pariwo. Ó ti ń nu ojú kí òmíràn tó sọ sí i lọ́kàn. Ìdánwò kan ti wà fún ibẹ̀ láti ọjọ́ tó ti pẹ́, òun ló kọ ọ́. Nígbàkígbà tí Ìránṣẹ́ bá pẹ́, ìdánwò náà ń kùnà, òótọ́ ló ń sọ. Ẹ̀bẹ̀ Mẹ́ta á bẹ̀ ẹ́, Ìránṣẹ́ á tètè dáhùn lẹ́ẹ̀kejì, á di àwọ̀ ewé. Òun ló kọ Ẹ̀bẹ̀ Mẹ́ta náà. Ó sì kọ ọ́ kóun lè máa tètè délé bá Bàbá. Ayọ̀ yẹn kú mọ́ ọn lára níbi tó jókòó sí.

Ọ̀gá gbọ́ ọ títí. Ó bọ́ awò ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún un nù.

“A máa tún un ṣe lónìí. A ò ní pariwo rẹ̀.”

“Àwọn tí ọ̀rọ̀ wọn ò lọ ńkọ́, sà?”

“Àwọn ilé ìwòsàn máa rí wọn.”

“Wọn ò ní rí wọn, Ọ̀gá. ‘Ti lọ’ ló wà níwájú orúkọ wọn. Bí tiwa ṣe rí nìyẹn.” Ó wá sọ ti Bàbá fún un. Kò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀ rí.

Ọ̀gá dìde, ó ní kí gbogbo ọ́fíìsì fi ohun tí wọ́n ń ṣe sílẹ̀. Wọ́n pe àwọn ilé ìwòsàn, wọ́n gba àṣẹ, wọ́n wá bẹ̀rẹ̀ sí í pe àwọn aláìsàn tí ọ̀rọ̀ wọn sọnù. Ìyá Ìdánwò ń pè, Má-fòyà ń pè, Ọ̀gá náà ń pè. Àwọn kan bú wọn. Àwọn kan ní àwọn ti gba ibòmíràn lọ. Ìyá àgbà kan ní kí Ìyá Ìdánwò tún ohun tó sọ sọ.

“Mo ní ọ̀rọ̀ náà ò wá sórí fóònù yín, mà. Ẹ̀bi tiwa ni.”

“Kì í ṣe pé mo gbàgbé?”

“Ẹ ò gbàgbé, mà.”

“Àwọn ọmọ mi ti ní mo ti ń ṣarán,” ìyá àgbà náà sọ. “Èmi náà ti gbà.” Ó bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, Ìyá Ìdánwò ò sì lè gbé fóònù sílẹ̀ títí ó fi sun ún tán.

Sátidé dé. Ẹ̀gbọ́n gbé mọ́tò wá, ó tiẹ̀ ti tẹ́ ìrọ̀rí sí ìjókòó iwájú fún Bàbá. Ó pe Ìyá Òkè sọ̀ kalẹ̀, ó bi í léèrè.

“Kò pẹ́,” Ìyá Òkè sọ. “Láti ìgbà tó ti ń bá ẹ̀rọ rẹ̀ jà yẹn, ó máa ń bá mi nílé. Ẹ fi ọmọ ọlọ́mọ sílẹ̀ jàre.”

Ẹ̀gbọ́n mi orí. Ó ní kò burú, òun ti sọ ọ̀rọ̀ òun, òun ò ní yẹ̀ ẹ́. Kí Bàbá máa gbé níbi tí wọ́n wà. Ó ti ń yọ kọ́kọ́rọ́ mọ́tò lápò nígbà tí Ìyá Ìdánwò ní kó jókòó.

“Ẹ̀gbọ́n mi, ọ̀rọ̀ ojú Bàbá yẹn, kò wá rárá. Ètò wa ló ní ó ti lọ nígbà tí kò lọ.”

“Kí lo sọ?”

“Mi ò gbàgbé. Mo ti bi àwọn tó ń gbé ọ̀rọ̀ léèrè. Àmọ́ ìdánwò tó yẹ kó mú àṣìṣe yẹn, èmi ni mo ní kí ẹ̀rọ máa bẹ̀ ẹ́ títí á fi gbà. Mo fẹ́ máa tètè délé ni. Ẹ̀bi mi wà níbẹ̀, mi ò ní í fi pa mọ́ fún yín. Ṣùgbọ́n mi ò gbàgbé Bàbá.”

Ẹ̀gbọ́n wo ilẹ̀.

“Mo bú ẹ níwájú gbogbo ẹbí,” ó ní. “Ìwọ náà kàn dúró, o ní kí n má bínú. Háà, àbúrò mi. Jọ̀ọ́. Màá pe gbogbo wọn padà, màá sọ fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá ò kúrò níbí mọ́, ọ̀dọ̀ ẹ ni wọ́n wà.”

Ohun tó ti ń jà fún láti ọjọ́ yìí ló tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ yẹn. Ìyá Ìdánwò la ẹnu láti dúpẹ́, ohun tó jáde níbẹ̀ sì ya òun fúnra rẹ̀ lẹ́nu.

“Ẹ mú wọn lọ, Ẹ̀gbọ́n mi. Fún ìwọ̀nba ìgbà. Ó ti rẹ̀ mí.”

Bàbá, tó ti ń gbọ́ gbogbo rẹ̀ látorí àga wọn, yí orí títí ojú wọn tó kù fi bá a.

“Ó ti pẹ́ tó ti ń rẹ̀ ẹ́?”

“Ó ti pẹ́, Bàbá.”

“Kí ló dé tó ò sọ?”

“Wọ́n ní mo gbàgbé yín. Báwo ni mo ṣe fẹ́ wá sọ pé ó rẹ̀ mí?” Omi ti ń dà lójú rẹ̀, kò nù ún.

Bàbá di ọwọ́ àga mú, wọ́n dìde.

“Bá mi wá fìlà mi,” wọ́n sọ fún Ẹ̀gbọ́n. “Jẹ́ ká máa lọ, kí àbúrò ẹ lè sùn.”